Ọtí Aago Mẹ́rin

Ní ọdún 1984 ni wọ́n dá Christopher Olúgbádé dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun nìkan kọ́. Ọdún yẹn ni ìjọba ológun gé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú ìwé bí ẹni ń sán oko etí ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni nígbà náà. Ó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n po ọtí fún àwọn àlejò ní ilé ìtura ìjọba kan ní Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ọtí fún, àwọn mínísítà tẹ̀ lé wọn, àwọn ṣọ́jà ló gbẹ̀yìn.

Nígbà tó ń padà bọ̀ sílé ní Ọ̀wọ̀, ohun méjì ló gbé bọ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń wò títí. Èkíní ni àpótí onígi kan. Agolo fàdákà onídérí tí a fi ń mi ọtí pọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ife ìwọ̀n kékeré, ṣíbí ọlọ́rùn gígùn, asẹ́ kan, àti gíláàsì mẹ́fà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke. Èkejì ni páálí wáìnì mẹ́ta, ìgò méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ilé ìtura náà ló fún un. Ó ní àwọn ṣọ́jà kì í béèrè wáìnì, bíà ni wọ́n ń béèrè, àti pé bí Christopher kò bá kó wọn lọ, ẹnì kan yóò dà wọ́n nù lọ́jọ́ kan.

Ilé búlọ́ọ̀kù tí Christopher kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ máa ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án nítorí páànù orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé náà, yàrá alámọ̀ kan ṣẹ́kù nínú ilé bàbá rẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, oòrùn kì í ráyè wọ ibẹ̀. Ó da yanrìn odò sílẹ̀ nínú yàrá náà, ó sì tẹ́ àwọn ìgò wáìnì sínú rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Àwọn tó rí i ní ó ń sin nǹkan. Sìlífátù, aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì, kọjá wá bi í.

"Bàbá Fúnmiọlá, wọ́n ní ẹ̀ ń sin ìgò."

"Mi ò sin wọ́n. Mo tẹ́ wọn sùn ni. Bí wáìnì bá dúró lóòró, kọ́ọ̀kì ẹnu rẹ̀ á gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, á sì kan."

"Ó ń sùn?"

"Ó ń sùn."

Sìlífátù padà lọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé dídá tí wọ́n dá bàbá náà dúró dùn ún ju bí àwọn ti rò lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà àti oúnjẹ ọ̀sán, tí aago bá ti lu mẹ́rin, Christopher á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á gbé àpótí rẹ̀ jáde sí fàráńdà. Ọtí kan ṣoṣo ló ń pò fún ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i kó mu méjì rí. Ó ń pe orúkọ àwọn ọtí náà, mátínì, dákírì, bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ẹni mímọ́. Lásìkò náà, nǹkan òkè òkun kò rọrùn láti rí, nítorí náà ohun tó wà nítòsí ló ń lò. Ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń fún sí i. Oyin tí wọ́n ń gbé wá láti Àfò ló fi rọ́pò ṣúgà. Ó rẹ èèpo ọsàn àti orógbó sínú jíńnì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀kán mẹ́ta oje kíkorò yẹn ló sì ń kán sínú gíláàsì. Ìgò wáìnì méjì péré ló ń ṣí lọ́dún, ọ̀kan nígbà Kérésìmesì, ọ̀kan nígbà Àjíǹde.

Ìyàwó rẹ̀, Agatha, máa ń jókòó tì í, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí itan. Tísà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìdóàní ni. Kì í mutí rárá. Bàbá rẹ̀ mu ògógóro títí tí oko kòkó fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kú sí ẹ̀bá ọ̀nà oko nígbà tí Agatha wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá náà, ọmọ náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ìyá rẹ̀ pé ọtí kò ní sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun òun láéláé. Nígbà tí Christopher wá tọrọ rẹ̀, tí ó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. Ohun tó mú un gbà ni pé ó bá a lọ sí ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, ó rí i tó ń gbé ọtí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, kò sì fi ẹnu kan ọ̀kan.

Ẹnìkẹta tó máa ń jókòó ní fàráńdà náà ni Rùfáì, káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. Mùsùlùmí ni, òun náà kì í mutí. Òun ló kan kọ́bọ́ọ̀dù tí Christopher ń kó gíláàsì sí. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, Christopher fún ata ilẹ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin sí i, ó mi ín pọ̀ mọ́ omi dídì nínú agolo fàdákà, ó sì dà á sínú ọ̀kan nínú àwọn gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà fún un. Rùfáì tọ́ ọ wò. Ó wo gíláàsì náà yíká.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fi nǹkan sí i?"

"Bí mo bá fi nǹkan sí i, kí Ọlọ́run bi mí."

Láti ọjọ́ náà ni Rùfáì ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó, ọ̀kan á mu mátínì, ọ̀kan á mu ata ilẹ̀, ọ̀kan á máa máàkì ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́jọ ṣe lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1992, ọyẹ́ mú gan-an. Ọ̀fìnkìn mú Christopher, ó di ibà, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé yóò padà. Ó gbé ìgò jíńnì sí imú, bí omi ni. Ó họ èèpo ọsàn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ṣì mọ ohun tó dùn, ohun tó kan, ohun tó korò, ṣùgbọ́n ọsàn kì í ṣe ọsàn mọ́, omi kíkan lásán ni. Ó ń jẹ ọbẹ̀ Agatha, ó ń ní ó dùn. Tí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ń fi ife ìwọ̀n wọn ọtí, ó ń mi ín, ó ń gbé e sí imú díẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ń mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan, nítorí náà kò sí ẹni tó fura.

Rùfáì ló kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, Christopher jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò gúlù tí wọ́n ń fi awọ màlúù sè wà lórí ẹ̀yinná. Rùfáì jáde lọ ra ìṣó. Nígbà tó ń bọ̀, láti títì ló ti ń gbọ́ òórùn náà. Gúlù ti gbẹ nínú ìkòkò, ó ń jó, ó ń rùn bí òkú ẹran. Christopher jókòó níwájú rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé kejì.

Rùfáì gbé ìkòkò náà jù síta. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Òórùn kí ni?"

Rùfáì wò ó. Christopher ká ìwé ìròyìn náà mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni Rùfáì bi í.

"Láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn."

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Kò mọ̀. Má sọ fún un. Rùfáì, ẹni tó ń fi imú ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí imú náà wá kú, kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Rùfáì ronú sí i. "Wọ́n ń pè é ní ẹni tí ara rẹ̀ kò yá," ló wí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún Àjíǹde ọdún 1993, Christopher pe àlejò méjì wá jẹun: Fada ìjọ wọn, àti Ògúnyẹmí, ọ̀gá ilé-ìwé tí Agatha ti bá ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì. Wọ́n jẹ iyán àti ẹran ìgalà. Christopher lọ sí yàrá alámọ̀, ó gbọn yanrìn kúrò lára ìgò wáìnì kan, ó fa kọ́ọ̀kì rẹ̀ níwájú àwọn àlejò. Ó da díẹ̀ sínú gíláàsì, ó yí i, ó gbé e sí imú, ó di ojú. Ó mu díẹ̀. Ó mọ̀ pé ó kan, ṣùgbọ́n wáìnì mìíràn máa ń kan.

"Eléyìí dàgbà dáadáa," ló wí, ó sì bu fún àwọn méjèèjì.

Fada gbé e mì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó lágbára," ló wí. Ògúnyẹmí fi tirẹ̀ sí ẹnu, kò gbé e mì, kò sì tu ú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń wo ògiri.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Agatha ti gbọ́ òórùn náà. Ó wọlé, ó kó gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tírè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́. Ó ti di ọtí kíkan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Christopher bi í. Ó tún gbé ìgò náà sí imú. Gbogbo wọn wò ó. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. Àwọn àlejò náà dúró díẹ̀ sí i, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sì lọ.

Agatha jókòó kọjú sí i. "Láti ìgbà wo, Bàbá Fúnmiọlá?"

"Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta."

"Ọbẹ̀ tí ẹ ní ó dùn ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé yóò dùn."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Rùfáì."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Agatha kò fi dáhùn ìkíni Rùfáì. Wọ́n lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́. Dókítà ní ọ̀fìnkìn náà ti ba iṣan inú imú jẹ́, ó lè padà, ó sì lè má padà. Nígbà tí wọ́n délé, Christopher ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún Agatha. Kò jáde sí fàráńdà mọ́ ní aago mẹ́rin. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ohun tí kò ṣe rí. Tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, ó ń dáhùn. Bí wọn kò bá bá a sọ̀rọ̀, kò ní sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Agatha kó àwọn ìgò tó kù fún Fada, kó fi wọ́n ṣe ohun tó bá wù ú.

Agatha kò kó wọn fún ẹnikẹ́ni. Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó bọ́ sí àsìkò ọdún Igogo, tí ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀, agogo nìkan là ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Agatha wọ yàrá alámọ̀ náà, ó gbé ìgò kan. Kò ṣí wáìnì rí láyé rẹ̀. Ó lọ́ irin wọ kọ́ọ̀kì, ó fà á, ìdajì kọ́ọ̀kì já, ó fi ṣíbí ti ìdajì tó kù sínú ìgò. Ó fi asẹ́ tíì sẹ́ wáìnì náà sínú gíláàsì méjì, ó gbé wọn lọ sí yàrá, ó jí ọkọ rẹ̀.

Christopher jókòó sókè. Ó rí èérún kọ́ọ̀kì létí gíláàsì. "Kí lo ṣe sí i?"

"Mo ṣí i."

"Ṣé àáké lo fi ṣí i?"

"Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń gbọ́ fún yín." Ó fi imú sínú gíláàsì, ó pẹ́ níbẹ̀. "Kò tíì kan. Ó ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ kòkó lẹ́yìn òjò. Ó ń rùn bí àpótí aṣọ àwọn àgbà. Agbálùmọ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ti pọ́n jù. Èéfín wà lẹ́yìn rẹ̀."

Christopher wo gíláàsì náà. "Èéfín igi ni tàbí tábà?"

Agatha tún un gbọ́. "Tábà. Kì í ṣe èéfín rẹ̀ pàápàá. Tábà tí a kò tíì tanná sí."

Christopher mu díẹ̀, ó fi í sí abẹ́ ahọ́n. "Ó korò díẹ̀ ní ìdí ahọ́n," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí, bí tábà bá wà nínú rẹ̀." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, Agatha sì yíjú sí fèrèsé títí ó fi nù ún.

"Níbo lo ti mọ èyí?" ló bi í nígbẹ̀yìn. "Ìwọ tí o kò mutí rí."

"Ìyá mi ló ń se epo ní Ìdóàní. Kò sẹ́ni tó ń mu epo. Imú la fi ń mọ èyí tó dára."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti padà sí fàráńdà. Ṣùgbọ́n imú nìkan kò tó. Christopher mọ̀ pé adùn kan wà tí kì í fara hàn títí tí ọtí yóò fi dé orí ahọ́n. Ó sọ fún Agatha pé òyìnbó kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń ra wáìnì fún ilé ìtura, ogún ìgò ló ń tọ́ wò láàárọ̀, kì í sì í gbé ẹ̀kán kan mì, títu ló ń tu ú. Agatha rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn Mísà, ó lọ bi Fada nípa ẹ̀jẹ́ tó jẹ́.

"Kí lo sọ gan-an lọ́jọ́ tí o jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà?" ni Fada bi í.

"Mo ní kò ní sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò, tó sì tu ú, kò tíì jẹun," ni Fada wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ ọkàn rẹ."

Agatha ra abọ́ tánganran kan tó ní ìdérí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ní fàráńdà. Christopher á pò, á bu díẹ̀ fún un. Agatha á fi í yí ẹnu, á tu ú sínú abọ́, á sì sọ ohun tó rí. Sìlífátù rí i láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ròyìn pé tísà ń bì. Rùfáì ló lọ ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n àlàyé náà tún ya Sìlífátù lẹ́nu ju èébì lọ.

Kò pẹ́ tí Agatha fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe. Ó ní orógbó inú oje kíkorò Christopher ti pọ̀ jù, ó ń bo òórùn èèpo ọsàn mọ́lẹ̀.

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án," ni Christopher wí.

"Ó ti pọ̀ jù láti ọdún mẹ́sàn-án."

Wọ́n jà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Níkẹyìn Christopher rẹ òmíràn, ó dín orógbó kù sí ìdajì. Rùfáì, tí kò lè tọ́ ọ wò, ni wọ́n ní kó gbọ́ òórùn méjèèjì, ó sì nawọ́ sí tuntun. Christopher da ògbólógbòó nù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tún yí ọwọ́ padà lórí ata ilẹ̀ Rùfáì, nítorí Agatha ní èyí tí wọ́n ń rà ti gbó jù, inú rẹ̀ ti di okùn. Agatha ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan bí ẹni ń kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀: ọjọ́, orúkọ ọtí, ohun tí imú gbọ́, ohun tí ahọ́n sọ.

Imú Christopher kò padà. Ó gbọ́ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 1996, ó ní òórùn kẹrosíìnì ni, ó sáré wọ ilé ìdáná, kò sì sí kẹrosíìnì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò tún gbọ́ nǹkan mọ́. Ó sọ fún Rùfáì pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ ronú nípa rẹ̀ mọ́, àfi nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Wọ́n gbé Fada àtijọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn, Fada Láníyì sì dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ nǹkan púpọ̀ nínú ìwé. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1999, páálí wáìnì Mísà kan dé bá a láti Èkó. Ọkọ̀ tó gbé e ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, páálí náà sì wà nínú oòrùn fún odindi ọjọ́ méjì. Fada Láníyì kò mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Katikísì ìjọ sọ fún un pé kó ránṣẹ́ pe Màmá Fúnmiọlá.

Tọkọtaya náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Christopher ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá tí Fada ti ń múra. Christopher ń fa kọ́ọ̀kì, ó ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú gíláàsì, Agatha ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nínú ìgò mẹ́fà inú páálí náà, ó yọ méjì sọ́tọ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ti sè nínú oòrùn," ló wí. "Wọ́n ń rùn bí ọsàn tí wọ́n gbàgbé sínú àpò."

Fada Láníyì gbé ọ̀kan sí imú. "Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, Màmá."

"Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọ̀la, ẹ ó gbọ́ ọ."

Christopher fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kù. "Èyí tó dáa yìí ńkọ́? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Agatha tún gbọ́ ọ. "Kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀. Àjàrà ni, ó sì dùn."

"Ó tó fún Mísà," ni Christopher wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kọ́ọ̀kì wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan.